Kámẹ́rà tó ń tẹ fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀: bó ṣe ṣe sí lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà tí à ń ṣèwádìí ìgbafẹ́ wọn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣèwádìí pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mọ nǹkan tí wọ́n fi ń gbafẹ́ tó tún ń mú ara wọn ṣiṣẹ́, ìrìn ni o, ijó ni o, ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ gígùn, iṣẹ́ ọgbà, tẹníìsì orí tábìlì, ẹ jẹ́ n bá yín sọ̀rọ̀ nípa kámẹ́rà kékeré tó máa ń tẹ fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí kámẹ́rà àríyá tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbé dání tí wọ́n bá ń ṣe ọjọ́ ìbí. Èmi lò ó fún iṣẹ́ ìwádìí, mo lo fóònù náà, mo lo kámẹ́rà àlòsọnù, mo sì lo èyí tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ọrùn tó ń ya fọ́tò fúnra ẹ̀, torí náà mo lè fi wọ́n wéra. Ọ̀rọ̀ mi ò díjú. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀, kí wọ́n sọ ọ́ dé ibi tí ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀ pé ó yẹ kẹ́ ẹ béèrè, kámẹ́rà yìí ni kẹ́ ẹ gbé lé wọn lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ bí ara wọn ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lẹ fẹ́ fojú rí, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ wá nǹkan míì.

Kí n tó dé orí kámẹ́rà ọ̀hún, ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí fọ́tò fi wọ ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ìwé ìbéèrè la sábà máa ń gbé lọ bá wọn, “Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń ṣe eré ìmárale lọ́sẹ̀?” Bàbá á ronú díẹ̀, wọ́n á ní àwọn kì í ṣe é. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bàbá tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ kí ọ̀rẹ́ wọn láràárọ̀ ni, tó ń bẹ̀rẹ̀ tó ń nàró nínú ọgbà, tó ń jó nírọ̀lẹ́ Sátidé. Lójú tiwọn, eré ìmárale ni kéèyàn wọ ṣòkòtò péńpé kó máa sáré kiri. Àwọn olùwádìí míì máa ń so ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ mọ́ wọn, ìyẹn náà dáa, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú, torí ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé WHO gbé jáde ní 2020 sọ pé kí ẹni ọdún 65 sókè máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe nǹkan tó ń mú ara ṣiṣẹ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára àti èyí tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin kí wọ́n má baà ṣubú, kéèyàn tó lè sọ pé ẹnì kan dé ibẹ̀ tàbí kò dé ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ka nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ò lè sọ fún yín ìdí tí màmá kan fi rìn dáadáa lọ́jọ́ Túsìdeè tí wọn ò sì yọjú síta rárá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ó kà á, ó parí. Ìdí ẹ̀ wà lẹ́nu màmá.

Ibẹ̀ ni fọ́tò ti wọlé, kò sì jẹ́ nǹkan tuntun. John Collier, ará Amẹ́ríkà, ló kọ̀wé jáde lórí ẹ̀ ní 1957 lẹ́yìn tí wọ́n ti dán an wò nínú ìwádìí kan ní Kánádà, wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn kan lẹ́nu wò pẹ̀lú fọ́tò, wọ́n sì ṣe ti àwọn kan láìsí fọ́tò. Èyí tó ní fọ́tò gùn jù, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ṣe pàtó jù, kò sì tètè sú àwọn èèyàn. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ní àwọn ọdún 1990, Caroline Wang àti Mary Ann Burris gbé kámẹ́rà fún àwọn obìnrin abúlé ní Yunnan ní ilẹ̀ Ṣáínà pé kí wọ́n ya ìgbésí ayé ara wọn, òun ni wọ́n wá ń pè ní photovoice. Ẹ wo ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀: nínú ti Collier, olùwádìí ló ya fọ́tò, nínú ti Wang àti Burris, ẹni tí wọ́n ń ṣèwádìí nípa ẹ̀ ló ń tẹ bọ́tìnnì. Fún ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ àwọn àgbà, ọ̀nà kejì yẹn lèmi ń lò, torí tí mo bá gbé kámẹ́rà lọ́wọ́ ara mi, ohun tó máa wù mí láti yà ni màmá tó ń jó tó ń rẹ́rìn-ín. Màmá fúnra wọn lè má ya ìyẹn rárá.

Ó yá, kámẹ́rà náà wá. Ìtàn bó ṣe bẹ̀rẹ̀ wù mí gan-an. Edwin Land tó dá Polaroid sílẹ̀ ya fọ́tò ọmọbìnrin ẹ̀ kékeré ní 1943, ọmọ náà ní kí ló dé tóun ò lè rí i báyìí-báyìí, bàbá ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó fi máa di 1948 kámẹ́rà ọ̀hún ti dé ọjà. Èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn lónìí ni oní-fíìmù kékeré, irú Instax tí Fujifilm gbé jáde ní 1998. Mi ò ní sọ èyí tí mo lò gan-an torí ọ̀pọ̀ wọn ló jọra, ohun tí mo sì ń sọ kan gbogbo wọn. Àwòrán orí ẹ̀ ò tóbi, mílímítà 62 sí 46, pẹ̀lú etí funfun tó yí i ká ó tó ìwọ̀n káàdì báńkì. Mẹ́wàá ló máa ń wà nínú páálí fíìmù kan. Bátìrì lásán ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, kò sí ọ̀rọ̀ pé kéèyàn máa wá wáyà kiri láti cháàjì ẹ̀.

Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn o. Mo ti rí i pé tí a bá gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àgbà fún ọ̀sẹ̀ kan, ohun tó máa ń pa ìwádìí ni àwọn nǹkan kéékèèké báyìí, ẹ̀rọ kú, wọn ò rí ibi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀, wọ́n rò pé àwọn ni wọ́n bà á jẹ́, ojú ń tì wọ́n láti pè yín, wọ́n gbé e sínú dúrọ́ọ̀, ó di ọjọ́ tẹ́ ẹ padà lọ. Kámẹ́rà yìí ò ní ètò rẹpẹtẹ. Ẹ fa ojú ẹ̀ jáde, iná kékeré tàn, ẹ fi ojú sí ihò, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó tóbi. Ìyẹn ni. Bó ṣe rí gbọ̀ngbọ̀ tún ń ran ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́, ó ṣeé fi ọwọ́ méjèèjì dì mú dáadáa, kì í yọ̀ bọ́ bíi fóònù pẹlẹbẹ. Ibi tí mo ti máa yọ máàkì ni ihò tí wọ́n ń fi ojú sí yẹn, ó kéré jù fún ẹni tó ń wọ awò ojú, ohun tí wọ́n sì ń rí nínú ihò ò bá ohun tí lẹ́ǹsì ń rí mu tí wọ́n bá sún mọ́ nǹkan, orí èèyàn á gé, bàtà tí wọ́n fẹ́ yà á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi fíìmù méjì tàbí mẹ́ta ṣe ìdánrawò níwájú yín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ má ka fíìmù yẹn sí òfò.

Ní báyìí mo fẹ́ sọ ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ jù. Fọ́tò á jáde lórí, funfun ló máa kọ́kọ́ jẹ́, kò sí nǹkan lójú ẹ̀, ó máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ kó tó hàn dáadáa. Láàárín àkókò yẹn, kò sẹ́ni tó lè ṣe nǹkan míì. Gbogbo yín á máa wò ó. Ẹnu á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á, ẹ tan ohùn gbígbà sílẹ̀ kí fọ́tò tó jáde rárá, torí ìgbà tí wọ́n ń dúró yìí ni wọ́n máa ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó hàn, ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí àwòrán bá wá hàn tán, wọ́n tún lè sọ pé èyí kọ́ làwọn fẹ́ o, ọ̀rọ̀ míì tún ti dé nìyẹn. Fóònù ò ní àkókò yìí rárá, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti hàn, ẹ ti ń ya òmíràn.

Fíìmù mẹ́wàá yẹn náà, àwọn kan á sọ pé ó kéré, èmi ò gbà. Nígbà tí àgbà bá mọ̀ pé mẹ́wàá péré làwọn ní fún gbogbo ọ̀sẹ̀, wọ́n máa ń ronú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ìrònú yẹn gan-an sì ni dátà. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi na fíìmù yín lórí èyí? Ẹ máa gbọ́ nǹkan. Fóònù lè kó igba fọ́tò wá fún yín, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe pàtàkì sí wọn nínú ẹ̀, àwọn náà ò sì ní rántí ìgbà tí wọ́n ya èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n máa ń yà, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn jù. Kì í sábà jẹ́ ara wọn tó ń ṣe eré. Bàbá kan tó jẹ́ pé ìrìn ni fàájì wọn, bẹ́ńṣì ló kún inú fọ́tò wọn, bẹ́ńṣì lábẹ́ igi, bẹ́ńṣì tó ti kán, ògiri kúkúrú kan tó ṣeé jókòó lé. Ẹni tó bá wo fọ́tò yẹn láìbéèrè á ní bàbá yìí ò rìn, ìjókòó ni wọ́n ń jókòó. Nígbà tí a tẹ́ káàdì náà sórí tábìlì, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ti bẹ́ńṣì yìí fún mi.” Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ibi tí mo ti máa ń mí nìyẹn. Láti ilé dé ibí, mo lè ṣe é. Láti ibí dé ìkejì, mo lè ṣe é. Èyí tó kán yẹn, ọjọ́ tó ti kán ni mi ò ti kọjá ibẹ̀ mọ́.” Ẹ ò rí i? Bí ìrìn wọn ṣe gùn tó, bẹ́ńṣì ló ń pinnu ẹ̀, orúnkún nìkan kọ́, àti pé kò sí ìwé ìbéèrè kankan tí mo mọ̀ tó máa ń béèrè iye bẹ́ńṣì tó wà lójú ọ̀nà.

Ẹlòmíì tó fẹ́ràn ìlúwẹ̀ẹ́ ya àkàbà tí wọ́n fi ń gòkè kúrò nínú omi, ó ya ilẹ̀ tó tutù ní yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, kò ya omi rárá. Mo bi wọ́n. Màmá ní, “Inú omi kọ́ ni wàhálà wà, inú omi mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ọmọdé. Bí mo ṣe máa jáde ni.” Ẹni tó ń jó ya bàtà, bàtà ijó àtijọ́ tó ní gìgísẹ̀ àti èyí tó tẹ́jú tí wọ́n ń wọ̀ báyìí, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òmíràn ya ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà ibi tí ẹgbẹ́ wọn ti ń gun kẹ̀kẹ́, ó sì ṣàlàyé láìtijú pé tí wọ́n bá ti tì í pa, òun ò lọ lọ́jọ́ yẹn. Ta ló máa sọ ìyẹn fún àjèjì tó mú bírò àti ìwé dání? Ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́tò ti wà lórí tábìlì, fọ́tò la jọ ń wò, kò sẹ́ni tó ń tẹjú mọ́ ẹnikẹ́ni, ìtìjú á dínkù.

Tábìlì yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yìí lórí fóònù tàbí lójú kọ̀ǹpútà bẹ́ ẹ bá lè ṣe é. Fọ́tò orí páálí ṣeé tò. Wọ́n lè fi èyí sí òkè, wọ́n lè kó méjì papọ̀, wọ́n lè yí ọ̀kan dojú délẹ̀ pé àwọn ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ lónìí. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tò ó bó ṣe wù wọ́n, mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe máa tò ó, lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè ìdí. Àwọn kan máa ń tò ó láti àárọ̀ dé alẹ́, àwọn kan máa ń ya “èyí tí mo ṣì ń ṣe” sọ́tọ̀ kúrò lára “èyí tí mo ti fi sílẹ̀”. Nínú photovoice wọ́n ní àwọn ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń tẹ̀ lé, kí lẹ rí níbí, kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an, báwo ló ṣe kan ìgbésí ayé wa, kí ló fà á, kí la lè ṣe sí i. Wọ́n dáa, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó àwọn fọ́tò náà lọ bá àwọn tó ń ṣètò pápá àti ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó máa ń dà bí ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ ṣàn ná.

Ó tó, mo ti yìn ín. Ibi tó ti ń kùnà nìyí, ó sì ń kùnà gan-an níbẹ̀. Ohun tó ń sáré ò ṣeé yà. Nínú ọ̀pọ̀ irú kámẹ́rà yìí tí kò ní ètò púpọ̀, ojú ẹ̀ máa ń là fún ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn pẹ́ jù láti mú ọwọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì. Ẹni tó ń jó á di òjìji. Filáàṣì ẹ̀ ò sì dé ibi tó jìnnà, mítà méjì sí mẹ́ta ni agbára ẹ̀ mọ, gbọ̀ngàn ijó tí iná ò pọ̀ nínú ẹ̀ á dúdú birimùbirimù, ojú ẹni tó wà níwájú á funfun bí ẹfun. Nínú oòrùn gangan, ọ̀run á funfun lala, kò ní sí àwọ̀ búlúù kankan. Omi, ẹ má dán an wò. Òtútù náà ń dà á láàmú, tó bá ti lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi dígírì 5 fọ́tò á ṣì wá bí ẹni pé ó ṣá, ooru tó bá kọjá 40 náà á sọ àwọ̀ ẹ̀ di nǹkan míì. Fún ẹni tí fàájì ẹ̀ jẹ́ ìrìn òwúrọ̀ nígbà òtútù, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi kámẹ́rà sínú aṣọ lára wọn, kí fọ́tò tó bá jáde náà sì wọ inú aṣọ kó tó hàn.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe sọ níbẹ̀rẹ̀ pé tó bá jẹ́ ìṣesí ara lẹ fẹ́, ẹ wá nǹkan míì. Fídíò ni. Bí bàbá ṣe ń yí ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba bọ́ọ̀lù, bí wọ́n ṣe ń dọ́gbọ́n fi ọwọ́ kan ògiri kí ẹnikẹ́ni má rí i, bí àwọn mẹ́ta ṣe ń dín ìrìn kù kí ẹ̀kẹrin wọn lè bá wọn, kò sí fọ́tò tó ń mú ìyẹn. Ẹ bá wọn rìn, kẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà fídíò kékeré dání, kẹ́ ẹ jọ padà jókòó wò ó. Fún ìyẹn, fóònù tó dáa ti tó.

Fóònù fúnra ẹ̀ ńkọ́? Mi ò lè sọ pé kò dáa, ó ti wà lápò ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ti mọ̀ ọ́n lò, fíìmù ò ní tán, owó fíìmù kì í sì í ṣe kékeré tí èèyàn tẹ́ ẹ ń bá ṣiṣẹ́ bá pọ̀. Ẹni tí ojú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran lè fẹ fọ́tò náà lójú fóònù kó tóbi, ìyẹn wúlò gan-an. Wàhálà ẹ̀ ni ìka tó ti gbẹ, ojú fóònù máa ń kọ̀ láti gbọ́ ìka àgbà tí awọ ẹ̀ ti gbẹ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ pẹ́ jù, ó máa ya ogún lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà àbáyọ wà: nínú ọ̀pọ̀ fóònù, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń mú ohùn lọ sókè sódò ní ẹ̀gbẹ́ ń ya fọ́tò, ẹ kọ́ wọn ní ìyẹn. Èyí tó ń já mi láyà jù ni pé fọ́tò fóònù sábà máa ń gbé ibi tí wọ́n ti yà á àti àkókò ẹ̀ pamọ́ sínú ara ẹ̀. Ẹni tó bá rí fáìlì yẹn lè mọ̀ pé màmá tó ń dá gbé kì í sí nílé láàárín aago mẹ́fà sí méje láràárọ̀. Ẹ pa ètò yẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fáìlì kẹ́ ẹ tó gbé e síbikíbi. Fọ́tò orí páálí ò ní irú ewu yìí, kò lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ránṣẹ́ láìmọ̀.

Kámẹ́rà àlòsọnù, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ó fúyẹ́, àwọn àgbà mọ irú ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lọ fọ fíìmù kẹ́ ẹ tó rí nǹkan, nígbà tí fọ́tò bá fi máa dé, wọ́n ti gbàgbé ìdí tí wọ́n fi yà á.

Èyí tó ń kọ́ ọrùn tó ń ya fọ́tò fúnra ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, irú SenseCam tí àwọn olùwádìí Microsoft ṣe, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ pọ̀. Ó dáa fún ẹni tó ń gbàgbé nǹkan, torí kò ní kí wọ́n rántí láti tẹ nǹkan kan, ó sì máa ń mú àwọn nǹkan tí wọn ò kà sí ìgbafẹ́ rárá, bíi bí wọ́n ṣe dúró bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ láàárín ìrìn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò lójúmọ́, ta ló máa wò ó tán? Ó sì ń ya gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú wọn, ó ń yà wọ́n ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ní yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, nílé ìwòsàn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pa á, ẹ sì jẹ́ kí àwọn fúnra wọn kọ́kọ́ dá nìkan wo gbogbo ẹ̀, kí wọ́n pa èyí tí wọn ò fẹ́ rẹ́ kí ojú yín tó kàn án. Èmi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni tó ń lúwẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda náà kan kámẹ́rà tí mo ń yìn yìí o, ẹ má rò pé ó bọ́. Ìwé ìyọ̀ǹda kan ò tó. Ẹ gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá sì ti ya gbogbo ẹ̀ tán, ẹ mú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè pé ṣé mo lè fi èyí hàn nínú ìwé, ṣé mo lè fi hàn níbi ìpàtẹ, àbí èmi àti ẹ̀yin nìkan la máa rí i. Èèyàn lè gbà kí ẹ fi fọ́tò ọgbà hàn kó máà gbà fún ti yàrá. Àwọn tó wà nínú fọ́tò náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ijó, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú wọn, àwọn náà ní ẹ̀tọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó yà wọ́n. Ohun tí mo sì rí ni pé fọ́tò ojú ẹsẹ̀ yìí ń mú un rọrùn, ẹni tí wọ́n yà máa ń rí i lójú ẹsẹ̀, tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n á gbé e fún un.

Ìyẹn ló mú ọ̀rọ̀ ẹni tó ni fọ́tò wá, torí ẹyọ kan péré ló wà. Mo máa ń fi ẹ̀rọ dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú bírò tí kì í parẹ́, mo sì dá ti páálí padà fún ẹni tó yà á. Tiwọn ni. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí a bo ojú ẹnì kan, orí èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà la ti máa ń ṣe é, ẹ má mú síṣọ́ọ̀sì gé fọ́tò yìí láé, ohun tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ èròjà olóró tó lè jó ọwọ́, ẹ sọ fún àwọn tó ní ọmọ kékeré nílé pẹ̀lú.

Ohun kan wà tí kámẹ́rà kankan ò lè yanjú, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà mọ irú fọ́tò tí ayé fẹ́ láti ọwọ́ wọn, àgbà tó lára le, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń ṣe bí ọ̀dọ́. Wọ́n lè ya ìyẹn fún yín torí wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ yín dáa. Ọjọ́ tí orúnkún dùn wọ́n tí wọn ò lè lọ, wọn kì í ya nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Torí náà, ìbéèrè tí mi ò fi ń ṣeré ni, “Màmá, fọ́tò wo lẹ fẹ́ yà tí ẹ ò lè yà?” Mo máa ń fi páálí òfìfo kan sílẹ̀ lórí tábìlì láàárín àwọn tó kù fún ìyẹn. Robert Stebbins tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé ní 1982 nípa ìgbafẹ́ tí èèyàn fi gbogbo ọkàn ṣe, sọ pé ìfaradà àti akitiyan wà nínú ẹ̀, pé ó máa ń di ara ẹni tí èèyàn jẹ́. Ẹ máa rí i lórí páálí òfìfo yẹn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ ohun tó ń ná wọn láti ṣì máa lọ, oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ lò kí wọ́n tó jáde, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń lọ tó ti kú.

Ẹni tí kò ríran mọ́ ńkọ́, àbí tí ojú ẹ̀ ti ń ṣókùnkùn? Ọ̀pọ̀ ìwádìí máa ń fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá torí wọ́n ní fọ́tò ni, kò sì dáa, torí àwọn náà ń rìn, wọ́n ń jó. Èmi kì í yọ wọ́n kúrò. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n mú ẹni tí wọ́n fọkàn tán dání kó bá wọn tẹ̀ ẹ́, kí àwọn sọ ibi tó máa kọ kámẹ́rà sí àti ìdí ẹ̀, kí a gba ohùn wọn sílẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà, nígbà tí a bá jókòó, ẹni yẹn á ṣàpèjúwe fọ́tò fún wọn, wọ́n á sì ṣàtúnṣe, “Rárá, ọwọ́ òsì ni igi yẹn wà, òórùn òdòdó ẹ̀ ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti dé ìdajì ọ̀nà.” Tó bá jẹ́ irú àwọn báyìí ló pọ̀ nínú àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́, ẹ má fi gbogbo owó yín ra fíìmù, ẹ ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó dáa tí afẹ́fẹ́ ò lè bo ohùn mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìyókù ra páálí fíìmù díẹ̀.